Ìdí tí ṣáńpù tó ń mú irun rọ̀ kì í fi í hó púpọ̀

Ní ilé onídìrí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ṣáńpù kò bá hó, ohun tí àwọn oníbàárà sábà máa ń sọ ni pé ayédèrú ni, tàbí pé wọ́n ti bu omi là á. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń mú kí ènìyàn máa da ṣáńpù lé ṣáńpù láìnídìí.

Ìfófó kọ́ ló ń fọ irun. Èròjà ọṣẹ, bíi sodium laureth sulfate, ló ń gbá ọ̀rá àti ìdọ̀tí mú. Àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tí awọ omi tín-ín-rín bò ni ìfófó, èròjà ọṣẹ kan náà ló sì ń gbé awọ náà ró. Orí tí a ti fi òrí pa fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í hó ní fífọ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀rá ti gba èròjà náà tán. Ní fífọ̀ kejì, ṣáńpù kan náà á hó ṣùù.

Nínú àwọn èròjà amúrun-rọ̀, dimethicone, irú òróró silicone kan, ni ọ̀tá ìfófó gan-an. Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà rí mọ iṣẹ́ rẹ̀: bí ìkòkò bá ń hó dànù, epo díẹ̀ tó bá kán sí i á mú kí ìfófó náà rọlẹ̀. Ẹ̀kán òróró náà wọ inú awọ omi, ó tàn ká ojú rẹ̀, ó fà á tín-ín-rín, awọ náà sì já. Dimethicone yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ silica láti fi ṣe oògùn tó ń tú afẹ́fẹ́ inú ká. Àwọn aṣeṣáńpù máa ń fi cocamidopropyl betaine, tí wọ́n ń ṣe láti ara òróró àgbọn, gbé ìfófó náà dìde padà.

Ibi tí ọgbọ́n wà jù ni ti polyquaternium-10, èròjà amúrun-rọ̀ mìíràn. Agbára iná pọ́sítífù ló ní. Irun tó rin omi ní nẹ́gẹ́tífù, bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà ọṣẹ. Nínú ìgò, èròjà ọṣẹ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rọ̀gbà yí i ká bí àwọn ìlàrí ṣe ń rọ̀gbà yí Aláàfin ká ní Ọ̀yọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ó dì. Nígbà tí a bá wá ń da omi sí orí, èròjà ọṣẹ á máa dín kù, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù á sì so mọ́ polyquaternium-10, wọn á di ohun yíyọ̀ tí kò lè yòrò mọ́, tí yóò lẹ̀ mọ́ irun, tí yóò sì mú ẹ̀kán dimethicone dání. Omi tí a rò pé ó ń ṣan gbogbo rẹ̀ lọ gan-an ló ń fi í sílẹ̀ lórí irun. Àlébù rẹ̀ kan ni pé fífọ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa fi díẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀, títí irun yóò fi wúwo, tí yóò sì di dandan kí a fi ṣáńpù tí kò ní èròjà amúrun-rọ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.