Bí Ìwé Tuntun Ṣe Ń Dé Ọwọ́ Ọmọdé

Nígbà tí sáà kẹta bá ń parí lọ, olùkọ́ á fi bébà kan lé ọmọ lọ́wọ́ pé kó mú un lọ fún àwọn òbí rẹ̀. Orúkọ àwọn ìwé tí wọ́n máa rà fún kíláàsì tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì, Yorùbá, ìwé ìyàwòrán. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí owó ti ń ga lójú òbí, ni ìwé ìtàn kan tàbí méjì máa ń wà. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní Nàìjíríà, àwọn yẹn nìkan ni ìwé ìtàn tuntun tí wọ́n máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́dún náà.

Ọwọ́ àwọn tó ń polówó ìwé ni ìwé ìtàn yẹn ti wá. Ìbàdàn ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá wa fìdí kalẹ̀ sí. Ọdún 1949 ni Oxford University Press ṣí ẹ̀ka síbẹ̀, òun ló di University Press tòní. Evans àti HEBN (Heinemann àtijọ́) náà wà nílùú kan náà. Ìwé ẹ̀kọ́ ló ń mówó wọlé fún wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn á kó ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sí búùtù mọ́tò, wọ́n á máa ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn kí àkókò lísìtì tó tó. Ìwé ìṣirò gan-an ni wọ́n bá dé, wọ́n á wá fi ìwé ìtàn lé e bí ènì. Ẹni tó ń yan ìwé nílé-ìwé á wo iye tí wọ́n ń tà á, á wò ó bóyá ìbéèrè wà ní ìparí orí kọ̀ọ̀kan, á sì béèrè ẹ̀dínwó. Bóyá ìtàn náà dùn kì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó yẹ kó wọ̀ ọ́, torí ọmọ tó bá jẹ́ pé ìwé tí kò dùn ló kọ́kọ́ bá pàdé lè má padà sídìí ìwé mọ́.

Ọ̀nà ilé-ìwé yìí ti pẹ́, ó sì ti ṣe wá lóore rí. Ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ló gbé ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà síta. Olùkọ́ ni Fágúnwà nígbà náà, CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì, ló sì tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ilé-ìwé ló gbé e ká ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tó dá a dúró ni pé ènìyàn lè kà á sókè fún ẹni tí kò mọ ìwé, kí onítọ̀hún má sì fẹ́ dìde.

Bí ọmọ bá ti di ọ̀dọ́langba, ìdánwò ló ń yan ìwé fún un. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni WAEC fi ń pààrọ̀ ìwé lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. JAMB ní tiẹ̀ a máa mú ìwé ìtàn kan ṣoṣo fún gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì: The Life Changer ni wọ́n lò títí di 2024, The Lekki Headmaster ló sì gbapò rẹ̀ ní 2025. Àwọn tó ń jókòó sí ìdánwò yẹn lọ́dún kan lé ní mílíọ̀nù kan. Kò sí òǹtàwé, olùkọ́ tàbí ìwé ìròyìn tó lè fi ìwé kan han irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi àti ọjọ́ ni ẹni tó ń kàwé nítorí ìbéèrè máa ń ṣà nínú ìtàn. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ ṣí ìwé náà, àkópọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kà.

Ẹ̀bùn tún wà. Èyí tó lówó lórí jù nílẹ̀ wa ni ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gáàsì NLNG dá sílẹ̀ ní 2004, tí owó rẹ̀ báyìí jẹ́ 100,000 dọ́là. Ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé ló jọ ń pín in, ọ̀kan lọ́dún kan, nítorí náà ìwé ọmọdé máa ń dúró fún bí ọdún mẹ́rin kó tó kàn án. Ó kàn án ní 2007, 2011, 2015, 2019 àti 2024. Ti 2015 ni kò ṣeé gbàgbé: ìwé 109 ni wọ́n fi ránṣẹ́, àwọn adájọ́ wo gbogbo rẹ̀, wọn ò sì fún ẹnì kankan. Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn tí àwọn tó ń ra ìwé fọ́mọ ti ń fojú rí tipẹ́: ìwé tí olóòtú kò fọwọ́ kàn pọ̀ lọ́jà. Ọmọdé ò sì mọ̀ pé àṣìṣe òǹtẹ̀wé ni. Ó máa rò pé òun ni kò mọ̀wé kà. Ní 2024, Olubunmi Familoni gba ẹ̀bùn náà pẹ̀lú The Road Does Not End. Kí wọ́n tó dárúkọ ẹni tó borí, wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé orúkọ ìwé 11 jáde, wọ́n á wá gé e sí mẹ́ta. Ariwo ẹni tó borí ló máa ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lísìtì 11 yẹn ló wúlò jù fún òbí àti olùkọ́. Ìwé kan ṣoṣo ò lè bá gbogbo ọjọ́ orí mu. Nínú mọ́kànlá, ó ṣeé ṣe kéèyàn rí ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, kó sì rí ti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Àgbàlagbà ló ń fún ìwé ọmọdé lẹ́bùn, ohun tó wu àgbàlagbà kì í sì í fi gbogbo ìgbà wu ọmọdé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí i. Àmì-ẹ̀yẹ Carnegie wà láti 1936, àwọn alábòójútó ilé-ìkàwé ló sì ń ṣe adájọ́ rẹ̀. Bí lísìtì àwọn tó kù bá ti jáde, ẹgbẹ́ òǹkàwé ní àwọn ilé-ìwé á mú ìwé kan náà, wọ́n á kà á, wọ́n á jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n á sì dìbò fún èyí tó wù wọ́n. Ibò àwọn ọmọ máa ń yàtọ̀ sí ti àwọn adájọ́ nígbà mìíràn. Kò náni lówó ju iye ìwé lọ. Ilé-ìwé mẹ́ta lè bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta pẹ̀lú ìwé márùn-ún péré.

Àwọn òbí Yorùbá tó wà lókè òkun ní ìṣòro tiwọn. Ìwé kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń wá èyí tí ọmọ wọn máa rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Rudine Sims Bishop, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ ní 1990 pé ìwé lè jẹ́ fèrèsé tí ọmọ fi ń wo ayé ẹlòmíì, ó sì lè jẹ́ dígí tó fi ń wo ara rẹ̀. Ọmọ tí gbogbo kíláàsì ń pe orúkọ rẹ̀ lódìlódì ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nílò dígí yẹn gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ìwé Atinuke, ọmọ bíbí Ìbàdàn tó ń gbé ní Wales, ta ara wọn lólobó: ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá àgbà ní Èkó, tó ń pọnmi, tó ń lọ sọ́jà, wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń káàánú rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì náà ń tọ́ni sọ́nà, àmọ́ ó dára kéèyàn mọ bó ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ka ìtàn, iye ló ń kà. Ká ní 500 ènìyàn ra ìwé kan, tí 200 nínú wọn sì tún ra ìwé kejì. Bí ẹni 501 bá ra ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á na ti kejì sí i. Ipasẹ̀ àwọn tó ti rìn kọjá ló ń tẹ̀ lé. Ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ò ní ipasẹ̀ kankan. Ìwé ọmọdé lédè Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi owó ọwọ́ rà ní ọjà Agbẹ́ni níbẹ̀, ò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí ẹ̀rọ lè rí, bí ẹgbẹ̀rún ọmọ bá tilẹ̀ ti kà á. Àmì ohùn náà tún dá kún un: ẹni tó tẹ orúkọ ìwé láìfi àmì sí i lè má rí ohun tí ẹni tó fi àmì sí i rí. Ó yẹ kéèyàn wá a ní ọ̀nà méjèèjì kó tó sọ pé kò sí.

Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣe gudugudu méje ni ìwé ọ̀fẹ́. African Storybook tó bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, àti StoryWeaver tí Pratham Books ti Íńdíà gbé kalẹ̀ ní 2015, ní ìtàn aláwòrán lédè Yorùbá tí ènìyàn lè kà, kó tẹ̀ sórí bébà, kó sì pín. Wọ́n to ìtàn ní ìpele ìpele. Ìpele àkọ́kọ́ kì í ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń gòkè ni ọ̀rọ̀ ń pọ̀, tí àwòrán ń dín kù.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé Yorùbá lé ọmọ lọ́wọ́, lórí ìkànnì ni o, ní ṣọ́ọ̀bù ni o, kó kọ́kọ́ ka ojú ìwé kan sókè fúnra rẹ̀. Kó wo àmì. Bí wọ́n bá kọ “Iya ra igba” sílẹ̀ láìsí àmì, àgbàlagbà á wo àwòrán, á mọ̀ pé igbá tí wọ́n fi ń bu omi ni, tàbí ìgbá tí wọ́n ń sè lọ́bẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà ò ní ibi tó máa dì mú: igba tí í ṣe 200 ńkọ́, ìgbà tó ń kọjá ńkọ́? Ìwé tí àmì rẹ̀ pé ń kọ́ ọmọ bí a ṣe ń sọ èdè náà bó ti ń kà á lọ. Èyí tí àmì rẹ̀ já, ẹ dá a padà sórí àtẹ, bí àwòrán rẹ̀ ti wù kó rẹwà tó.

Ní ti ìwé tó le ju ọmọ lọ, ìka márùn-ún tó láti dán an wò. Kí ọmọ ṣí àárín ìwé, kó ka ojú ìwé kan, kó máa na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀. Bí ìka bá pé márùn-ún kó tó dé ìsàlẹ̀, kí ìwé náà dúró dè é dọdún tó ń bọ̀, tàbí kí ẹnìkan jókòó tì í kà á. Bí kò bá na ìka kankan, kò burú náà. Ìwé tó rọrùn ló ń jẹ́ kí ojú yá.

Gbogbo èyí ń mú ìwé dé ẹnu ọ̀nà ni. Ẹnu ẹni tó ti kà á ló ń mú un wọlé, iṣẹ́ alábòójútó ilé-ìkàwé sì nìyẹn. Ká ní ọmọ ọdún mọ́kànlá kan dúró níwájú pẹpẹ ìwé. Bí wọ́n bá bi í pé, “Irú ìwé wo lo fẹ́?”, á ní òun ò mọ̀, òótọ́ ló sì sọ, torí kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ohun tí kò rí rí. Alábòójútó tó mọṣẹ́ á bi í pé, “Ìtàn wo lo gbọ́ tàbí tó o wò kẹ́yìn tó dùn mọ́ ẹ?” Ọmọ á dárúkọ fíìmù kan tí wọ́n ti jí ọmọ gbé. “Kí ló dùn níbẹ̀?” Ìbéèrè kejì yìí ni kọ́kọ́rọ́. Bó bá ní bí wọ́n ṣe tọpa àwọn ajínigbé ni, ìtàn ìwádìí ló ń wá. Bó bá ní bí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ò ṣe sùn títí wọ́n fi rí i, ìtàn ẹbí ló ń wá, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Alábòójútó á wá mú ìwé mẹ́ta wá, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fi gbólóhùn kan ṣàfihàn ọ̀kọ̀ọ̀kan: “Ọmọ yìí rí lẹ́tà kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà, orúkọ tiẹ̀ ló wà lára rẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì bí i lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.” Ó tán. Kò ní sọ pé ìwé náà á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọ̀dọ́langba tó bá ti gbọ́ ìyẹn ti kọ̀yìn sí ìwé náà.

Ọmọ á mú ọ̀kan lọ. Bó bá kà á dé àárín tí kò wù ú, kó dá a padà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a wí; ẹni tó ń yan ìwé ti mọ ohun kan sí i nípa ọmọ náà nìyẹn. Bó bá kà á tán, wọ́n á fún un ní bébà kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé kó kọ ohun tó bá fẹ́ síbẹ̀. Ó lè kọ ọ́ pé, “Má kà á lálẹ́.” Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìwé, wọ́n á dojú ìwé náà kọ àwọn tó ń wọlé dípò kí wọ́n tò ó pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Kò sí ọ̀rọ̀ tí òǹtẹ̀wé kọ sẹ́yìn ìwé tó lè bá ti ọmọ ẹgbẹ́ ẹni dọ́gba.

Lẹ́yìn ìwé ni bébà tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ ọjọ́ sí máa ń wà. Ní ìparí sáà, alábòójútó á ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọjọ́ ti kún ti ń rìn fúnra rẹ̀. Èyí tó ní òǹtẹ̀ kan ṣoṣo látìgbà tó ti dé, á mú un délé, á tún un kà, kó lè mọ̀ bóyá ìtàn náà ló tutù tàbí pẹpẹ tí wọ́n gbé e sí ló ga ju ọwọ́ ọmọ lọ.