Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lójijì Tó Tún Ń Jí: Ẹ Má Tíì Ra Nǹkan Kan

Àìsàn ọkọ̀ tó ń wá tó tún ń lọ ló ń jẹ onímọ́tò lówó jù. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnì ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀: lónìí plọ́ọ̀gì, lọ́la pọ́ǹpù epo, lọ́tùn-únla sẹ́ńsọ̀. Èmi kì í tú nǹkan kan títí n ó fi mọ ìgbà tó máa ń ṣe é.

Ṣé ẹ́ńjìnì ti gbóná kó tó kú, àbí ó ṣì tutù? Ṣé òjò rọ̀? Ṣé kòtò lẹ bọ́ sí? Epo inú táńkì ńkọ́, ṣé ó kù díẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀.

Èyí tí mo ń rí jù lára ọkọ̀ tó ti rìn kọjá 200,000 kìlómítà rèé: á rìn dáadáa títí yóò fi gbóná, á kú láìkìlọ̀, sítátà á máa yí i, àmọ́ ẹ́ńjìnì ò ní jí. Ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù, á tún dìde. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí kránkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnì tí písítìnì ń yí, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sínú rẹ̀ ti sán. Ooru á yà á nípá, bó bá tutù á tún padà kan ara rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí kò bá rí àmì yìí gbà kò ní mọ ìgbà tí yóò ta iná àti ìgbà tí yóò fọ́n epo. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnì kò bá mira rárá nígbà tí sítátà ń yí i, ìfura yẹn tún lágbára sí i.

Àmọ́ kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì níná àti pọ́ǹpù epo náà máa ń dàṣà bẹ́ẹ̀ nínú ooru. Ìgbà tó ń ṣe é lọ́wọ́ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí iná bá ń ta lẹ́nu plọ́ọ̀gì tí géèjì tí mẹkáníìkì fi ń wọn agbára epo kò rí nǹkan kan, pọ́ǹpù ni, tàbí rìlé (ṣíṣì kékeré tó ń tan pọ́ǹpù), tàbí fílítà. Bí méjèèjì kò bá sí, ẹ padà sídìí sẹ́ńsọ̀ kránkì.

Skáánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, wúlò, àmọ́ kì í ṣe babaláwo. Bó bá gbé kóòdù P0335 jáde, kò ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ìṣòro wà lójú ọ̀nà iná sẹ́ńsọ̀ kránkì. Ó lè jẹ́ wáyà tó ti bó, ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó wọ inú ìsopọ̀ rẹ̀.

Èyí tó bá ń ṣe ségesège lórí kòtò, wáyà ni mo máa ń bá níbẹ̀, pàápàá wáyà áàtì tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnì. Ìpata á ti jẹ ẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, kí mẹkáníìkì máa mi wáyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí èyí tó ń dá a láàmú yóò fi fara hàn.

Títí wọn ó fi rí i, ẹ má gbé e lọ sójú ọ̀nà márosẹ̀. Bó bá kú lórí eré, síárìn á le, agbára tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ á sì tán lẹ́yìn ìtẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ láìtún un tẹ̀, ẹ má sì yọ kọ́kọ́rọ́ títí ọkọ̀ yóò fi dúró.