Ìwé-ẹ̀rí igbó: ohun tí òfin ò béèrè, tí àwọn agégẹdú ń fowó wá

Pákó kì í sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá to méjì síwájú yín, tí ọ̀kan wá láti inú igbó tí wọ́n ń gé níwọ̀nba, tí èkejì sì wá láti ibi tí wọ́n gé kanlẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Àwọ̀ kan náà, òórùn kan náà. Agégẹdú tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ń náwó ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kò sí ohun tó fi ọjà tirẹ̀ hàn yàtọ̀. Ó nílò ẹlẹ́rìí, kò sì lè jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí yẹn ni ìwé-ẹ̀rí igbó. Iléeṣẹ́ náà á gbà láti tẹ̀lé ìlànà tí àjọ kan gbé kalẹ̀ lórí igi gígé, odò, ẹranko, ààbò òṣìṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùyẹ̀wò tí kì í ṣe ara iléeṣẹ́, tí kì í sì í ṣe ti ìjọba, á wọ inú igbó lọ wo kùkùté, wọ́n á yẹ ìwé wò, wọ́n á sì fọ̀rọ̀ wá àwọn ará abúlé lẹ́nu wò. Lọ́dọ̀ àjọ Forest Stewardship Council, tí a mọ̀ sí FSC, ọdún 5 ni ìwé náà máa ń lò, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àwọn olùyẹ̀wò ń padà wá. Igi náà pàápàá, wọ́n ń tọpa rẹ̀: ẹni tó là á, ẹni tó fi ṣe àga, oníṣòwò tó wà láàárín wọn, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní ìwé tiwọn kí wọ́n tó lè lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá ní, ẹ̀rí ti já nìyẹn.

Àìṣedéédéé ìjọba ló bí ètò yìí. Ní ọdún 1992, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Rio de Janeiro lórí ọ̀rọ̀ àyíká, wọn ò sì fẹnu kò sórí àdéhùn kankan tó de ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nípa igbó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká, àwọn oníṣòwò igi àti àwọn aṣojú ọmọ onílẹ̀ péjọ sí Toronto ní Kánádà, wọ́n dá FSC sílẹ̀. Títí dòní, ìdìbò inú àjọ náà pín dọ́gba sọ́nà mẹ́ta: ti àyíká, ti ará ìlú àti òṣìṣẹ́, àti ti oníṣòwò. Ní 1999, àwọn onígbó kéékèèké ní Yúróòpù náà gbé PEFC, ètò ìwé-ẹ̀rí igbó mìíràn, dìde, èyí tí ilẹ̀ igbó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti FSC lọ báyìí.

Àfínnúfíndọ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sí ọlọ́pàá tó ń mú ẹni tí kò bá ní in. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ náà kún tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iléeṣẹ́ ń wá ìwé yìí kí ọjà wọn lè wọ́n sí i. Lóòótọ́, àwọn kan ń rí ìyẹn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń ta pákó wọn ní iye tí wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà ni ilẹ̀kùn tí kò tì mọ́ wọn. Ẹ wo Home Depot, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà: lẹ́yìn tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti wọ́de síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn léraléra, iléeṣẹ́ náà kéde ní 1999 pé igi tó ní ìwé-ẹ̀rí ni àwọn yóò máa fi ṣáájú. Ẹni tó bá ń ta igi fún irú oníbàárà ńlá bẹ́ẹ̀ kò ní láti dúró de òfin.

Òfin náà sì wá tẹ̀ lé e. Amẹ́ríkà fẹ Lacey Act, òfin wọn lórí òwò ẹranko àti ewéko tí wọ́n kó lọ́nà àìtọ́, lójú ní 2008 láti ká igi tí wọ́n gé lọ́nà àìtọ́ mọ́. Òfin Yúróòpù lórí igi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2013. Ìwé-ẹ̀rí kò rọ́pò àyẹ̀wò tí àwọn òfin yìí ń béèrè, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tó bá a wá ń mú un rọrùn.

Èrè kan tún wà tí wọn kì í sábà sọ, èmi sì kà á sí pàtàkì jù: iléeṣẹ́ á mọ igbó ara rẹ̀. Kí ó tó yege, ó gbọ́dọ̀ ka igi, kí ó ya àwòrán ilẹ̀, kí ó là á sílẹ̀ ibi tí katakata máa gbà. Níbi tí kò sí èyí, wọ́n á gé igi tán, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ sínú igbó kó jẹrà. Níbi tí wọn ò kọ́ òṣìṣẹ́ bí a ṣe ń darí igi síbi tí yóò wó sí, igi kan ṣoṣo á fọ́ mẹ́wàá mọ́lẹ̀, ó sì lè wó pa èèyàn.

Àbùkù ètò náà kò kéré. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló ń sanwó fún olùyẹ̀wò, èyí kò sì lè má dá iyèméjì sílẹ̀. Greenpeace International, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká tó wà nínú FSC láti ìbẹ̀rẹ̀, fi àjọ náà sílẹ̀ ní 2018. Owó àyẹ̀wò máa ń wúwo fún onígbó kékeré, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń para pọ̀ gba ìwé kan ṣoṣo. Èyí tó dùn mí jù ni pé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ọ̀pọ̀ jù lọ igbó tó ní ìwé-ẹ̀rí wà, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ olóoru ni igbó ti ń run jù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rí kan dúró, kó wo abẹ́ òǹtẹ̀ FSC: ẹ ó rí lẹ́tà C àti nọ́ńbà mẹ́fà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì àjọ náà, orúkọ tó ni ín á jáde, àti ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ máa parí. Ìwé-ẹ̀rí ti igbó gan-an tún máa ń ní àkékúrú ìjábọ̀ àyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti kọ àléébù tí wọ́n bá níbẹ̀ sílẹ̀ àti iye àkókò tí wọ́n fún iléeṣẹ́ láti tún un ṣe.