Èèyàn mélòó ló wá síbi ọdún Ṣàngó, èló ló sì kù ní Ọ̀yọ́?

Lọ́dọọdún, bí ọdún Ṣàngó bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ nínú oṣù Kẹjọ, iye èèyàn tó wá kì í bára mu lẹ́nu àwọn tó ṣojú wọn. Ẹnìkan á ní 10,000, ẹlòmíràn á ní 100,000. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2023 tí àjọ UNESCO ti fi ọdún náà kún àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé, ọ̀rọ̀ iye yìí ti kọjá ohun tí a lè fẹnu sọ kó tán síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìtura máa béèrè rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbówó kalẹ̀ máa béèrè rẹ̀, ìjọba náà á sì béèrè.

Ṣùgbọ́n iye èrò kọ́ ni èrè. Èrè ìlú ni owó tó ti ìta wọlé nítorí ọdún náà, tí kò sì tún gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ìwé, bírò, okùn ìwọnlẹ̀ àti ọ̀dọ́ bíi 10 tó mọ̀wé kà tó láti wọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti èrò. Ní àwọn ọdún 1960, Herbert Jacobs, olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Yunifásítì California ní Berkeley, l'Amẹ́ríkà, ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fẹ̀hónú hàn láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Ó ka èèyàn inú díẹ̀ lára àwọn igun náà, ó sì fi ṣírò gbogbo ìyókù. Ọ̀nà rẹ̀ ni a ṣì ń tọ̀ dòní. Níbi tí èèyàn ti lè na apá díẹ̀ láìkan ẹnì kejì, ẹ ka ẹni 1 sí mítà 1 níbùú lóròó. Níbi tí èrò ti fún, ẹ ka 2 àti ààbọ̀. Níbi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra pátápátá, ó lè lé ní 4.

Àárọ̀ kùtù, kí èrò tó dé, ni kí ẹ wọn pápá. Ká ní ó jẹ́ mítà 60 sí 40, ìyẹn 2,400. Ẹ yọ ibi tí ìtàgé, ọkọ̀ àti kánópì àwọn ìjòyè gbà. Ti abẹ́ kánópì, àga ni kí ẹ kà. Bí ohun tí ẹ yọ bá jẹ́ 600, ó ku 1,800. Nígbà tí èrò bá pọ̀ jù lọ, ẹ ya fọ́tò láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ìdajì iwájú bá fún, 900 lọ́nà 2 àti ààbọ̀ jẹ́ 2,250. Bí ìdajì ẹ̀yìn bá tú ká, 900 ni. Àpapọ̀ jẹ́ 3,150, láìka ti orí àga. Pápá tí gbogbo ojú rí pé ó kún fọ́fọ́ nìyẹn! Kí 20,000 tó lè wọ ibẹ̀, èèyàn 11 ní láti dúró sínú mítà kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ó bá ti kọjá 5 ni ẹ̀mí ti wà nínú ewu, nítorí ẹsẹ̀ kò sí níkàáwọ́ ẹni tó ni ín mọ́, ìtì díẹ̀ láti ẹ̀yìn sì lè pa àwọn tó wà níwájú. Àwọn aláàbò nílò ìṣirò yìí ju àwọn oníròyìn lọ.

Ọdún tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ tún ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá ka 3,000 lónìí, 2,000 lọ́la, 4,000 lọ́túnla, 9,000 ìbẹ̀wò lẹ ní, kì í ṣe 9,000 èèyàn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wá fún ọjọ́ 2, tí a bá pín in dọ́gba, èèyàn 4,500 ni. Àṣìṣe kan sì wà níbí tí àwọn olùwádìí pàápàá máa ń ṣe: ẹni tó ń wá lójoojúmọ́ rọrùn láti bá pàdé ju ẹni tó yà lẹ́ẹ̀kan lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun wá ní ọjọ́ 5, ìdá kan nínú márùn-ún èèyàn ni kí ẹ kà á sí nígbà tí ẹ bá ń ro ìdáhùn pọ̀.

Ó wá kan ìbéèrè. Èèyàn 400 tó. Bí ẹ bá ṣà wọ́n dáadáa, ìdáhùn wọn kì í sábà fi ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ yapa sí ti gbogbo èrò. Inú ṣíṣà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí ẹ bá ní kí ọ̀dọ́ mú ẹni tó wù ú, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín ló máa mú. Ìyá àgbà tó jókòó pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin kò ní kàn án. Ẹ ní kó mú ẹni ogún-ogún tó bá kọjá, ì báà ṣe ẹnikẹ́ni: ní Kòso, níwájú ààfin, ní ọjà Akẹ̀sán, ní àwọn gáréèjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó kí àgbà bó ṣe yẹ kó tó mú bírò, kí ìbéèrè má sì ju ìṣẹ́jú 5 lọ.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Ibo lẹ ń gbé?" Ẹ má bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń gbé l'Ékòó, àlejò ni lójú ìṣirò yìí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi Ọ̀yọ́ ṣe ilé kì í ṣe àlejò. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Crompton ti Yunifásítì Texas A&M ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kìlọ̀ pé kí a yọ owó àwọn onílé kúrò, nítorí ohun tí wọ́n ná níbi ọdún, wọn ì bá ná an sí nǹkan mìíràn nínú ìlú kan náà. Owó náà kò wọlé, ó kàn yí ọwọ́ ni. Ó tún ní kí a yọ àlejò tó ti fẹ́ wá tẹ́lẹ̀ tó kàn mú un bọ́ sígbà ọdún, àti ẹni tí nǹkan mìíràn gbé wá tó wá yà wòran. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé: "Bí kò bá sí ọdún yìí, ṣé ẹ ì bá wá s'Ọ́yọ̀ọ́ lọ́dún yìí?"

Ká ní nínú 400, onílé jẹ́ 220, àlejò jẹ́ 180, tí 60 nínú àlejò sì ní àwọn ì bá wá bákan náà. Ó ku 120, ìyẹn 30 nínú 100. Nínú èèyàn 4,500, 1,350 nìyẹn. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ná ₦15,000 nínú ìlú, ₦20,250,000 ni.

Ẹ má kàn béèrè pé "Èló lẹ ná?" Ẹ pín in sí ibùsùn, oúnjẹ, ọjà rírà àti ọkọ̀ inú ìlú. Owó ọkọ̀ tí wọ́n san l'Ékòó, Èkó ló ni ín. Ẹ béèrè iye ẹni tí owó náà bọ́. Bàbá tó ná ₦60,000 lórí èèyàn mẹ́rin, tí ẹ bá kọ ọ́ bí owó ẹnì kan, iye tirẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ àlejò wa ló ń sùn sínú agboolé ẹbí, nítorí náà ilé ìtura nìkan kò lè sọ iye tó wá. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí wọ́n ń fúnni lówó ọbẹ̀, wọ́n sì ń rajà.

Owó tó wọlé náà máa ń jò. Ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n rà ní ₦500 tí wọ́n tà ní ₦700, ₦200 ni ti Ọ̀yọ́, ìyókù ti bá ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Igbá fínfín yàtọ̀: láti oko dé ọwọ́ ẹni tó fín in, nǹkan bíi gbogbo owó rẹ̀ ló ń jókòó sílùú. Aṣọ òkè wà láàárín, nítorí òwú ń ti ìta wá. Èlùbọ́ àmàlà lè wá láti oko ìtòsí, àmọ́ òkè ọya ni ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ti sábà ń wá. Bákan náà, bí ẹni tó wá láti ìlú mìíràn bá gba ìsọ̀, èrè rẹ̀ ń bá a padà lọ. Ẹ béèrè ibi tí ọlọ́jà ń gbé pẹ̀lú. Lójú tiwa, ìsọ̀ iwájú yẹ kó jẹ́ ti àwọn tó ń fín igbá, àwọn oníṣọ̀nà awọ àti àwọn tó ń gbẹ́ ìlù, kí ti ẹlẹ́rìndòdò tó kàn.

Àwọn kan máa ń sọ iye tó bá jáde nínú ìṣirò di ìlọ́po 2 tàbí 3, pé owó ń yí láàárín ìlú. Lóòótọ́ ló ń yí, ṣùgbọ́n ìlú tí kì í ṣe púpọ̀ nínú ọjà tó ń tà, owó tètè ń kúrò níbẹ̀. Ẹ má yá ìlọ́po ìlú mìíràn lò.

Fún àwọn onílé ìtura, ìṣirò kò le: yàrá 20 fún òru 4 jẹ́ 80, bí 72 bá ní àlejò, 90 nínú 100 ló kún. Ẹ fi wé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Keje, ẹ ó rí ohun tí ọdún mú wá. Wọn kò ní fẹ́ sọ ọ́ nítorí owó orí, nítorí náà ẹ gba iye láìkọ orúkọ ilé. Ìbéèrè tí ẹ bá lò lọ́dún yìí, ẹ má yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́dún tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye méjèèjì kò ní ṣeé fi wéra.