Jukebox: àpótí orin inú ilé ọtí Amẹ́ríkà

Jukebox ni àpótí orin gàgàrà tó máa ń dúró sára ògiri nílé ọtí ní Amẹ́ríkà. Oníbàárà á ju owó ẹyọ sínú rẹ̀, á tẹ nọ́ńbà orin tó wù ú. Apá irin kan á yọ àwo náà láàárín àwọn tó kù, á gbé e síbi tí abẹ́rẹ́ wà, orin á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ló sanwó, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Tó o bá yan orin ìbànújẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra, kò sẹ́ni tí ò ní mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọ́.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé, etí ẹni tó sanwó nìkan ló wà fún. Lọ́dún 1889, Louis Glass gbé ẹ̀rọ ìkọrin Edison kan tó ń gba sẹ́ǹtì 5 sínú ilé ọtí Palais Royale ní San Francisco. Rọ́bà 4 ló yọ lára rẹ̀ tí èèyàn á fi sétí. Ó di 1927 kí ilé iṣẹ́ AMI tó gbé èyí tó ń fi iná mànàmáná gbé ohùn kárí yàrá jáde.

Ọtí ló wá sọ ọ́ di ọba. Láti 1920 ni òfin ti ka ọtí títà léèwọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fagi lé e ní ìparí 1933, ilé ọtí tún ṣí káàkiri, ṣùgbọ́n ọ̀dá owó wà níta. Ta ló fẹ́ máa sanwó fún ẹgbẹ́ olórin lálaalẹ́? Ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í mutí. Lọ́pọ̀ ìgbà, onílé ọtí kọ́ ló tilẹ̀ ni ín: oníṣòwò kan ló ń gbé e kalẹ̀, tí wọ́n á jọ pín owó inú rẹ̀. Bí oníṣòwò náà bá dé, á yọ àwo tẹ́nì kankan ò yà sí, á fi tuntun rọ́pò. Díẹ̀díẹ̀, àpótí kọ̀ọ̀kan á bá àwọn oníbàárà rẹ̀ mu, bíi orin blues ládùúgbò àwọn adúláwọ̀ ní Chicago.

Inú àwọn olórin ò dùn sí i rárá. Ní 1942, James Petrillo, olórí ẹgbẹ́ wọn, pàṣẹ pé kí wọ́n má gba orin sílẹ̀ mọ́, nítorí àwo inú jukebox àti ti rédíò ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ó lé lọ́dún 2 kí ìjà náà tó parí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹ̀rọ tí wọ́n bínú sí tó báyẹn ni àárò rẹ̀ ń sọ àwọn èèyàn lónìí.

Àárò náà sì ní ojú kan: jukebox Wurlitzer 1015, iṣẹ́ ọwọ́ Paul Fuller, tó jáde ní 1946. Orí rẹ̀ rí roboto, iná aláràbarà yí i ká, omi ń hó nínú àwọn túùbù rẹ̀. Ó lé ní 56,000 tí wọ́n tà. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ilé ọtí àwọn ọdún 1950, òun ni yóò yà, bẹ́ẹ̀ àwo ńlá 24 péré ló ń gbà. Ilé iṣẹ́ Seeburg ló ni àwọn ọdún yẹn: àpótí rẹ̀ M100A ti ń gba orin 100 láti 1948, M100B sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan ní 1950.

Lónìí, ẹ̀rọ orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti TouchTunes ló gba ipò rẹ̀. Èèyàn lè jókòó sídìí ọtí rẹ̀, kó fi fóònù yan orin láàárín àìmọye. Lójú tèmi, orin 100 tí gbogbo àdúgbò jọ mọ̀ lohun tó lọ. Ẹni tó bá tún fowó kún un lè fò ṣíwájú àwọn tó ti ń dúró. Owó ò lè ṣe ìyẹn lára Seeburg àtijọ́: bí apá rẹ̀ bá ṣe ń rìn kọjá lára àwọn àwo ló ń gbé èyí tí wọ́n yàn, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ sanwó lè gbọ́ tirẹ̀ kẹ́yìn.