Pípààrọ̀ páìpù òjé nínú ilé àtijọ́

Pípààrọ̀ páìpù òjé ni iṣẹ́ yíyọ àwọn páìpù omi tí wọ́n fi òjé ṣe kúrò nínú ilé àti abẹ́ ilẹ̀ iwájú ilé, kí wọ́n sì fi páìpù bàbà tàbí ti rọ́bà rọ́pò wọn. Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà wà lára ibi tí iṣẹ́ náà ti wọ́pọ̀. Ìgbà tí onílé bá ń tún ilé ṣe ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, torí pé wọ́n ti fọ́ ilẹ̀ àti ògiri tẹ́lẹ̀.

Òjé, irin rírọ̀ kan náà tí àwọn ọlọ́bàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, ṣeé tẹ̀ kọjá kọ̀rọ̀ ògiri láìgé e, kì í sì í dógùn-ún bí irin lásán. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ fi ṣe páìpù, láti ara orúkọ tí wọ́n sì ń pè é, plumbum, ni orúkọ pùlọ́mbà ti wá. Vitruvius, ayàwòrán-ilé ará Róòmù, ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé omi inú páìpù amọ̀ sàn ju ti inú òjé lọ. Ó ní kí àwọn èèyàn wo àwọn tó ń yọ́ òjé, bí àwọ̀ ara wọn ṣe ṣá.

Ní Ìlú Ọba, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1970 ni wọ́n máa ń fura sí. Àwọn ilé alábíríkì ayé Ọbabìnrin Victoria, irú èyí tó pọ̀ ní Peckham níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, wà lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1986 ni òfin ìjọba àpapọ̀ fòfin de páìpù òjé tuntun. Títí di ìgbà náà, kì í ṣe pé òfin ìlú Chicago kàn gba òjé láyè nìkan, ó sọ ọ́ di dandan fún páìpù tó ń wọ ilé. Èyí ló fà á tí irú páìpù bẹ́ẹ̀ fi tó nǹkan bí 400,000 ní ìlú náà.

Òjé inú omi kò lóòórùn, kò sì hàn sójú. Ọpọlọ ọmọdé àti oyún inú ló máa ń pa lára jù. Síse omi kò lé e lọ. Bí omi ṣe ń gbẹ, ṣe ni òjé inú èyí tó kù ń ki sí i. Ìwọ̀n tó ga jù tí òfin Ìlú Ọba fàyè gbà ni máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù). Àwọn iléeṣẹ́ omi máa ń po èròjà fọ́síféètì mọ́ omi kí ó lè bo inú páìpù. Nígbà tí ìlú Flint ní Michigan bọ́ sórí omi odò ní oṣù kẹrin ọdún 2014, tí wọn kò sì fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ sí i, ohun tó bo inú páìpù ṣí, òjé sì tú sínú omi àwọn ará ìlú.

Láti mọ òjé, wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ha páìpù níbi tó ti wọ ilé. Òjé máa ń dán bíi fàdákà níbi tí wọ́n ti ha á, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Irin tí wọ́n fi síńkì bò ni mágínẹ́ẹ̀tì máa ń lẹ̀ mọ́. Èyí náà kò mọ́ bí òjé bá ti wà ṣáájú rẹ̀ rí, nítorí ìpẹtà inú rẹ̀ a máa gba òjé mọ́ra, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ààlà. Ní Ìlú Ọba, iléeṣẹ́ omi ló ni páìpù láti ojú títì dé ààlà ilẹ̀. Láti ibẹ̀ dé inú ilé, ti onílé ni. Bí ẹnì kan bá pààrọ̀ tirẹ̀ tí ẹnì kejì kò ṣe é, gígé àti mímì páìpù lè mú kí òjé inú omi pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí bàbà bá sì kan òjé nínú omi, òjé á túbọ̀ máa tú sínú omi. Ìdajì iṣẹ́ lè burú ju àìṣe rárá lọ fúngbà díẹ̀.

Páìpù rọ́bà aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń rì sábẹ́ ilẹ̀ ní Ìlú Ọba, ó kéré tán mílímítà 750 sísàlẹ̀, kí òtútù má baà dì í. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò lábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n fi fà á wọlé, láìtú gbogbo iwájú ilé.

Ohun kan wà tí àwọn pùlọ́mbà mìíràn máa ń gbàgbé. Nínú ilé àtijọ́, páìpù omi onírin lè jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná mànàmáná tó bá ṣìnà ń gbà wọlẹ̀. Bí rọ́bà bá rọ́pò rẹ̀, ọ̀nà yẹn ti gé, iná ara ẹ̀rọ ìfọṣọ sì lè gbé èèyàn. Oníná gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gé páìpù.

Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n máa ń yọ asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, kí omi tútù ṣàn dáadáa láti gbá èérún òjé jáde. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fún onílé ní ìgò tó ń sẹ́ òjé kúrò nínú omi, tí yóò lò fún oṣù mẹ́fà. Òjé tí wọ́n yọ kì í sábà lọ sí ààtàn: àwọn tó ń ra irin àlòkù máa ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì sanwó rẹ̀.