Amọ̀kòkò Dàda Ni Ẹnjiníà Obìnrin Àkọ́kọ́ Ní Ìlọrin

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn obìnrin tó kàwé ẹnjiníà lọ́dọ̀ wa, ọdún 1975 tí wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní Dàda, l'Òkèlele, níbi tó jẹ́ pé obìnrin ló ń mọ ìkòkò.

Ẹ jẹ́ ká ti orúkọ ìlú bẹ̀rẹ̀. Ìlọ-irin ni, ibi òkúta tí wọ́n ti ń lọ irin, Òjó sì ni ìtàn dárúkọ nídìí rẹ̀. Àwọn kan ní "Ìlú-erin" ni. Òkúta tiwa ṣì wà nílẹ̀, erin dà?

Ọkùnrin ló wà nídìí irin, òótọ́ ni. Iná kejì, iná ìkòkò, ti obìnrin ni. Ẹ tún wo èdè wa: à ń mọ ògiri, à ń mọ odi ìlú, à ń mọ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo gbà pé àwọn tó fi èdè yìí lé wa lọ́wọ́ ka amọ̀kòkò àti ẹni tó ń mọ odi sí oníṣẹ́ kan náà. Bóyá ṣáájú Àfọ̀njá, ọ̀gágun tó fi Ìlọrin ṣe ibùdó, ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, bóyá lẹ́yìn rẹ̀. Ọkàn mi ń sọ pé ṣáájú ni, torí kò sí ibùdó ogun tí kò ní wá àmù omi àti ìkòkò ọbẹ̀.

Amọ̀kòkò ni ìyá àgbà wa. Wọ́n á da ìkòkò àtijọ́ dojú bolẹ̀, wọ́n á tẹ́ amọ̀ gígún lé ìdí rẹ̀, wọ́n á máa gbá a títí á fi dọ́gba. Tó bá gbẹ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á mọ ọrùn rẹ̀ sókè. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún. Bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́ ni wọ́n á ti rì í sínú omi èèpo èso irúgbá. Omi yẹn ló ń dí ihò wẹ́wẹ́ ara amọ̀, tó ń jẹ́ kó dúdú, kó máa dán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ìka kan ìkòkò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dẹtí. Èyí tó bá dún gbanran, ó pé. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán. Wọ́n á gbé e sápá kan, ẹnikẹ́ni ò ní bá wọn jiyàn.

Ti ìsinsìnyí ò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ NSE sílẹ̀ ní 1958. Joanna Maduka, ẹnjiníà, kó àwọn obìnrin jọ, APWEN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà, bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Ebele Okeke, ẹnjiníà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2007. Ní 2024 ni Margaret Oguntala di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ NSE, lẹ́yìn ọdún 66. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin náà ti di ẹnjiníà tó ń bójú tó ilé kíkọ́. Mo tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó mú òòlù kékeré, ó ń fi kan òpó kọnkéré lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dẹtí. Nígbà tó dé ìkẹrin, ó fi ẹfun sàmì sí i, ó ní kí wọ́n ṣí ibẹ̀ wò. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé ìyá àgbà ni?"